Òkè Gígun Kì í Ṣe Eré Ìje

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ìwà ni wọ́n fi òwe yìí ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òótọ́ rẹ̀ ti hàn gbangba tó orí òkè. Ọmọdé tí ó ń sáré gun àpáta kò ní ohun mìíràn lọ́kàn ju ṣóńṣó orí rẹ̀ lọ. Àgbà tí ó ń gun àpáta kan náà a máa bojú wẹ̀yìn lóòrèkóòrè: a wo àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, a wo ọ̀nà tí yóò gbà padà sílé, a sì wo ibi tí oòrùn dé lójú ọ̀run. Nínú ìwò méjèèjì, ti àgbà ni ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ́. Òkè gígun kì í ṣe eré ìje. Ẹgbẹ́ tí ó bá jáde lọ gun òkè kò tíì gùn ún tán títí gbogbo wọn yóò fi padà dé àgọ́ ní pípé.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kan ibì kan, ó kan ilẹ̀ Èkìtì. Àwọn tí ó mọ ìtàn a máa sọ pé láti ara òkìtì, èyí tí í ṣe òkè, ni orúkọ náà Èkìtì ti jáde, ẹni tí ó bá sì rin ilẹ̀ náà já kò ní bá wọn jiyàn. Ní Adó-Èkìtì, tí ó jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 tí a ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, ibi yòówù tí ènìyàn bá dúró sí, ojú rẹ̀ yóò kan òkè. Orí òkè Ayọba ni ilé gómìnà wà. Orí òkè Agídímọ̀ ni Christ's School, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, tẹ̀dó sí. Bí a bá kọjú sí gúúsù, a ó dé Ìkẹ́rẹ́ kí a tó kan Àkúrẹ́, a ó sì rí Olósùnta àti Orólè, àwọn àpáta ńlá tí gbogbo ìlú náà fi ń yangàn. Bí a bá sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, a ó bá òkè tí ó nà gbọọrọ bí ògiri ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìkógòsì àti Òkè-Ìmẹ̀sí.

Àwọn òkè wọ̀nyí kò rí bákan náà lábẹ́ ẹsẹ̀. Olósùnta àti irú rẹ̀ jẹ́ òkúta ràbàtà tí ó pá bí orí arúgbó. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé inú ilẹ̀ jíjìn ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ dì, ní ohun tí ó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àti pé òjò àti àgbàrá ni ó gbá erùpẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ sí gbangba. Láti ìgbà tí ẹrù erùpẹ̀ náà ti kúrò lórí rẹ̀ ni ara rẹ̀ ti ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹni tí ó bá tẹ irú èèpo bẹ́ẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti yẹ̀, àtòun àti èèpo ni wọn yóò jọ yọ̀ lọ. Ti Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Ìmẹ̀sí yàtọ̀. Iyanrìn àtijọ́ ni, tí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ooru inú ilẹ̀ sì sè títí ó fi di òkúta líle. Bí ó bá fọ́, a fọ́ sí wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu mímú, àwọn àfọ́kù náà a sì máa yí lábẹ́ bàtà bí ẹni pé ènìyàn ń rìn lórí ẹ̀kùrọ́. Bí òjò bá rọ̀ sórí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ewédò ara rẹ̀ a máa yọ̀ bí ilá. Irú ilẹ̀ báyìí kì í mọ ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ nínú eré sísá yàtọ̀ sí ẹni tí kò gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọgbọ̀n ọmọ ilé-ìwé girama tí wọ́n pàgọ́ sí ẹsẹ̀ òkè kan ní agbègbè Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun láti inú ilẹ̀ tí wọ́n sì ń pàdé. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tàrà. Ó gba iwájú àgọ́ lọ sókè, ibẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Ó yí ẹ̀yìn òkè ká láàrin igbó. Ó sì sọ̀ kalẹ̀ padà sí àgọ́ ní ìhà kejì. Bí olùkọ́ ti ní kí wọ́n máa lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn géńdé mẹ́wàá bẹ́ sí iwájú. Kí ó tó di ìdajì wákàtí, ẹgbẹ́ kan ti di mẹ́ta. Àwọn tí ó wà níwájú ti dé orí òkè, wọ́n ń hó yèè. Àwọn ti àárín ti dé oríta, wọn kò sì mọ̀ bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn ti iwájú yà sí tàbí ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ọmọbìnrin kan tí ikọ́ fée ń dà láàmú wà. Ó jókòó lórí òkúta, ó ń mí hẹlẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó dúró tì í. Òjò sì ń ṣú.

Títí di ìṣẹ́jú yìí, nǹkan kan kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni. Bí a bá bi àwọn géńdé orí òkè, wọn yóò wí pé ìrìn náà dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè sọ ibi tí ọgbọ̀n ènìyàn náà wà, gbogbo ohun tí ó ń ṣokùnfà àgbákò ni ó sì ti pé síbẹ̀: àárẹ̀, ìpínyà, oríta tí kò ní àmì, àti òjò. Ó ku kí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yọ̀.

Ewu yìí pọ̀ sí i nítorí irú ọ̀nà tí ó jẹ́. Lórí ọ̀nà tàrà, ẹni tí ó bá rẹ̀ lè jókòó lábẹ́ igi kí ó máa dúró de àwọn tí ó ti ṣíwájú, nítorí pé bó pẹ́ bó yá wọn yóò gba ibẹ̀ padà. Lórí ọ̀nà àyíká, àwọn tí ó ti kọjá kò ní gba ibẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ti ń rìn lọ ni wọ́n ń jìnnà sí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé inú àgọ́ ni wọn yóò ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹnì kan kò sí láàrin wọn. Bákan náà, bí a bá ti kọjá ìdajì ọ̀nà àyíká, pípadà sẹ́yìn kò mú ilé yá ju títẹ̀síwájú lọ. Nítorí náà kí a tó dé ìdajì ọ̀nà ni ó yẹ kí a wo ojú ara wa, kí a bi ara wa léèrè bóyá gbogbo wa lè dé òpin.

Ohun kejì tí ó ń tan àwọn ọmọdé jẹ ni pé wọ́n rò pé òpin òkè ni orí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì ni. Bí a bá ń gòkè, iṣan itan ń fa ara sókè. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan kan náà ń di ara mú kí ó má baà ya lulẹ̀, orúnkún sì ń gba gbogbo ìwúwo náà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tí ó ti fi agbára rẹ̀ tán nígbà tí ó ń sáré lọ a máa gbọ̀n nígbà tí ó ń bọ̀. Ojú ti rí àgọ́, ọkàn ti dé ìdí ìkòkò oúnjẹ, ẹsẹ̀ nìkan ni ó kù lórí àpáta. Àní lórí òkè Everest pàápàá, èyí tí ó ga jù ní gbogbo ayé, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti kú nítòsí ṣóńṣó orí rẹ̀ jẹ́ àwọn tí ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

Kí ni ó yẹ kí a ṣe? Ohun tí ó yẹ kò ṣòro, bí ó tilẹ̀ ń dun àwọn alágbára. Kí afinimọ̀nà tí ó mọ òkè náà ṣíwájú, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá jù nínú ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e, kí gbogbo àwọn yòókù sì máa rìn bí ẹni náà ti ń rìn. Kí ọ̀kan nínú àwọn tí ó lágbára jù dúró sí ẹ̀yìn pátápátá pẹ̀lú olùkọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wà lẹ́yìn wọn. Ní oríta kọ̀ọ̀kan àti ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí a ka orí. Bí iye kò bá pé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹsẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ètò yìí yóò sọ àwọn akíkanjú di ọ̀lẹ. Wọn yóò ní ìfigagbága ni ó ń mú ọmọ dàgbà, àti pé ọmọ tí kò bá lè sáré, kí ó jókòó sí àgọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ìfigagbága dára, ìdí nìyí tí ilé-ìwé fi ní pápá eré. Ṣùgbọ́n lórí pápá, ilẹ̀ tẹ́jú, àwọn adájọ́ ń wòran, ẹni tí ó bá ṣubú yóò dìde gbọn eruku ara rẹ̀. Lórí àpáta, ẹni tí ó bá ṣubú lè má dìde mọ́. Ohun tí ó jẹ́ eré níbì kan lè jẹ́ ìwà òmùgọ̀ níbòmíràn.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, kì í ṣe òótọ́ pé rírọra rìn kò fẹ́ agbára. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó gbé ẹrù ọmọ tí ó rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, kí ó máa rìn lẹ́yìn ọmọ náà fún wákàtí méjì láìsọ ọ̀rọ̀ líle kan sí i. Yóò rí i pé iṣẹ́ náà ju eré sísá lọ. Ọmọ tí ó fi agbára rẹ̀ sá fi àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀ ti gba ìyìn ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tí ó fi agbára rẹ̀ mú ẹlòmíràn délé ti fi hàn pé a lè fi ènìyàn sí ìkáwọ́ òun. Àwọn tí ó gun orí Everest kọ́kọ́, Edmund Hillary àti Tenzing Norgay, so ara wọn pọ̀ mọ́ okùn kan ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1953. Nígbà tí gbogbo ayé ń béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú àwọn méjèèjì, ìdáhùn wọn ni pé àwọn jọ dé ibẹ̀ ni. Ó di ọdún 1955 kí Tenzing tó sọ nínú ìwé rẹ̀ pé Hillary ni ó ṣíwájú. Ìbéèrè náà wu àwọn òǹwòran púpọ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni méjì tí okùn kan ṣoṣo ń gbé, kò tó nǹkan.

Kò tilẹ̀ yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní Ìdànrè, níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé orí òkè títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ó wà títí di òní fún ẹni tí ó bá fẹ́ gòkè lọ sí ìlú àtijọ́ náà, a sì ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà. A kò ṣe àwọn ibi ìsinmi wọ̀nyí nítorí àwọn ọ̀lẹ, gbogbo ènìyàn ni ó ń lò wọ́n. Ní ìgbà tí ìlú wà lórí òkè, àti arúgbó, àti aboyún, àti ẹni tí ó ru iṣu, gbogbo wọn ni ó ní láti dé ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹ̀gbá, nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, tí wọ́n sì fi abẹ́ Olúmọ ṣe ibi ìsádi. Bí àwọn alágbára nìkan bá dé abẹ́ àpáta, kò sí ìlú tí yóò ti ibẹ̀ jáde.

Ìtàn Èkìtì fúnra rẹ̀ wí bákan náà. Nígbà tí àwọn ìlú Èkìtì ń dá jà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣẹ́gun wọn. Ìgbà tí wọ́n di Èkìtì Parapọ̀ pẹ̀lú àwọn Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n tó lè dúró nínú ogun Kìrìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Láàrin àwọn òkè tí ó wà ní ìhà Ìmẹ̀sí ni wọ́n pàgọ́ ogun wọn sí. Ní ọdún 1886 ni a fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, ó sì di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ ká. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ní ìdà kejì, àwọn òbí kan wà tí yóò fi gbogbo ohun tí a ti sọ yìí ṣe ẹ̀rí pé kí ọmọ ẹnikẹ́ni má ṣe gun òkè rárá. Igi gogoro má gùn mí lójú, wọn yóò wí, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀rù tí ó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n òkè kò ṣeé kó kúrò ní Èkìtì. Ọmọ tí a bá dá lẹ́kun láìkọ́ ọ yóò yọ́ lọ ní ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, láìsí omi, láìsí àgbà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sì jẹ́ ohun ìtìjú kí ọmọ lè sọ pé Kilimanjaro ga ní mítà 5,895, kí ó má sì mọ orúkọ òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé-ìwé rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá tilẹ̀ fẹ́ fi Kilimanjaro ṣe àwòkọ́ṣe, kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn afinimọ̀nà ibẹ̀ ń pè ní etí àwọn àlejò láti àárọ̀ di alẹ́: "Pole pole." Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Swahili ni, "Ẹ rọra, ẹ rọra."

Nítorí náà, kí ilé-ìwé máa mú àwọn ọmọ lọ, ṣùgbọ́n kí ìmúrasílẹ̀ wà. Ohun kìíní ni ìyọ̀ǹda. Òkè mìíràn ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀. Ọdọọdún ni a ń ṣe ọdún Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Kí a kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú, kí a béèrè ibi tí ẹsẹ̀ lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé.

Ohun kejì ni àkókò. Ní ọdún 1892, ará Scotland kan tí ń jẹ́ W. W. Naismith gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí àwọn agunkè ń lò títí di òní: wákàtí kan fún nǹkan bí kìlómítà 5, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn sókè. Bí ọ̀nà àyíká kan bá gùn ní kìlómítà 5, tí ó sì gòkè ní mítà 300, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni yóò gba alágbára tí kò sinmi. Fún ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé tí yóò sinmi, tí yóò sì ka orí, kí a kà á sí wákàtí mẹ́ta. Ilẹ̀ a máa ṣú ní Èkìtì ní nǹkan bí agogo méje ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá kúrò ní àgọ́ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa òkùnkùn. Òwúrọ̀ ni ó dára jù, pàápàá ní ìgbà òjò, nítorí pé ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni ìjì òun àrá sábà máa ń dé, kò sì sí ibi tí ó burú láti wà nígbà tí mànàmáná bá ń kọ bí orí àpáta tí ó pá.

Ohun kẹta ni ẹrù. Kí olúkúlùkù mú omi tí ó tó o, kí ó wọ bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú, kí ẹni tí ó bá ń lo oògùn fi í sí àpò ara rẹ̀. Kí fèrè kan wà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà níwájú, kí òmíràn sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Ìfọn mẹ́fà láàrin ìṣẹ́jú kan ni àmì tí àwọn agunkè fi ń kéde pé ewu dé. Ìfọn mẹ́ta sì ni ìdáhùn. Ohun ìkẹyìn ni kí a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní àgọ́: iye àwọn tí ó lọ, ọ̀nà tí wọ́n tọ̀, àti wákàtí tí ó yẹ kí wọ́n padà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tí ó jókòó lórí òkúta. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni a fi ṣíwájú láti òwúrọ̀, ó ṣeé ṣe kí èémí rẹ̀ má tilẹ̀ há rárá, nítorí pé kò ní sáré lé ẹnikẹ́ni. Bí èémí bá sì há, ọgbọ̀n ènìyàn ni yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀, oògùn yóò jáde láti inú àpò, olùkọ́ yóò wà nítòsí. Bóyá wọn kò ní dé orí òkè ní ọjọ́ náà. Òkè yóò wà níbẹ̀ lọ́la.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí olùkọ́ bá ka orí ní ẹnu àgọ́, kò yẹ kí ó béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó tọ́ kí ó béèrè: ṣé ọgbọ̀n pé? Bí ó bá pé, gbogbo wọn ni ó gun òkè náà. Bí ó bá ku ẹyọ kan, kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó tíì gùn ún.